3018 mi ń gé òbìrípo bí ẹyin, mo sì fẹ́ gbé sípíńdù ńlá lé e: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onípákó_Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Òní ni mo ní ẹjọ́ tèmi láti rò.

CNC 3018 ni ẹ̀rọ mi, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé pákó, èyí tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju 300 mm sí 180 mm lọ. Àlòkù ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi gbé e láti Èkó, ó gba Ìgólò wọlé. Orúkọ ọmọ lára pákó ni mo kọ́kọ́ ń fi gé, àti ohun tí wọ́n ń fi kọ́ kọ́kọ́rọ́, kò sì yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, tántí kan ládùúgbò wa tó ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe, ilé Àgùdà ayé àtijọ́, ní kí n bá òun gé pátákó méjìlá tí wọn yóò kàn mọ́ ilẹ̀kùn. Òdòdó àti ewé ló fẹ́, irú èyí tó wà lára àwọn fèrèsé àtijọ́ yẹn. Ó ní ìrókò ni. Mo ti gba àsansílẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, òbìrípo tí mo bá ní kó gé ń jáde bí ẹyin. Èkejì, tí mo bá ní kó wọ inú ìrókò ní 3 mm lẹ́ẹ̀kan, á máa ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú, ojú ibi tó gé á sì rí págunpàgun. Ẹ̀kẹta, nígbà mìíràn tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò orí rẹ̀, á dúró gbọn-in, á kọ ALARM:1 sójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kan súìṣì òpin kankan (àwọn tó ń dá ẹ̀rọ dúró tó bá dé etí). Ẹ̀kẹrin, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ń bù mí jẹ. Tí mo bá wà láìwọ bàtà tí mo fọwọ́ kan irin rẹ̀, á máa ta mí wínníwínní.

150,000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni sípíńdù olómi 1.5 kW (mọ́tò orí ńlá tí omi ń mú tutù) pẹ̀lú VFD tó ń darí iná rẹ̀, kí agbára lè wà. Ṣé kí n rà á?

Kíákíá229 (Àjàṣẹ́)

Tà á. Fowó kún owó, ra 6040 tó tóbi jù ú lọ. Ó parí.

Bàbá_Tíìkì (Kétu)

Kíákíá, ṣé ìwọ lo máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń yé ẹyin?

Onípákó ọmọ mi, má tíì ra sípíńdù o. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní CNC ni mo ti mọ̀ pé ayùn mímú kò ṣe nǹkan fún ẹni tó dúró lórí àpótí tó ń mì. Sípíńdù olómi tí o ń wí yẹn, á tó kílò mẹ́ta kí o tó so ìdìmú àti rọ́bà omi mọ́ ọn. Orí Z (èyí tó ń lọ sókè sódò) oníke tí wọ́n ṣe fún mọ́tò 775 bíńtín lo fẹ́ gbé e lé. Kì í ṣe agbára ló wọ́n ẹ̀rọ rẹ, ìdúró ló wọ́n ọn.

Ṣe èyí lálẹ́ yìí, kò ní ná ọ ní nǹkan kan. Yọ mọ́tò orí kúrò lára iná, ṣùgbọ́n tan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kí àwọn mọ́tò yòókù lè di ọ̀pá wọn mú. (Nínú àwọn ètò inú ẹ̀rọ, fi $1 sí 255, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tú ọwọ́ sílẹ̀ ní kété tí ẹ̀rọ bá dúró.) Wá fi ìka méjì di ibi tí bíìtì (irin mímú tó ń gé igi) ń wọ̀ mú, tì í síwájú, fà á sẹ́yìn, tì í sọ́tùn-ún àti sósì. Má wo ọwọ́ rẹ o, wo ara ẹ̀rọ. Ṣé àwọn ọ̀pá roboto ló ń tẹ̀? Ṣé nọ́ọ̀tì idẹ ló ń sún lórí ọ̀pá síkúrù? Ṣé ohun tó so ọ̀pá mọ́ mọ́tò ló dẹ̀? Ibi tó bá ti ń yẹ̀, ibẹ̀ ni kí owó rẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, gé òbìrípo 50 mm sára pákó tó rọ̀, fi kálípà wọ̀n ọ́n lójú X (ọ̀tún sí òsì) àti lójú Y (iwájú sí ẹ̀yìn), kí o kọ ọ́ síbí.

Ìyá_Wáyà (Sábẹ̀)

Ẹ má bínú Bàbá, mo fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ yín. Ohun kẹrin tí ọmọ yìí fi ẹ̀rín sọ ni kò jẹ́ kí n lè sùn.

Àbúrò, ó dájú pé kò sí wáyà ilẹ̀ níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Nínú àpótí tó ń sọ 220 V di 24 V, kàpásítọ̀ kéékèèké wà tí wọ́n so mọ́ wáyà iná méjèèjì àti mọ́ ara irin àpótí náà, kí ariwo iná lè rí ibi gbà bọ́ sílẹ̀. Tí ilẹ̀ kò bá sí, ara irin yẹn á dúró sáàárín méjì, á máa gbé nǹkan bí ìdajì iná ilé, bíi 110 V. Ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn ni kò fi ju títa lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wáyà kan bá bó nínú àpótí yẹn, a kì í pe ìyẹn ní títa mọ́.

Lọ wo pírísì rẹ. Irú ti Faransé tí a ń lò níbí, ọ̀pá irin kékeré kan máa ń yọ síta létí ihò méjèèjì. Ọ̀pá yẹn ni ilẹ̀. Ṣé ó wà? Kódà bó bá wà, tú u wò, torí mo ti tú pírísì nílé àwọn èèyàn tí mo rí i pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ọ̀pá náà, kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Kíákíá229 (Àjàṣẹ́)

Ní ti ALARM:1, fi $21 sí 0 kí ẹ̀rọ má gbọ́ ti súìṣì òpin mọ́. Kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Wáyà (Sábẹ̀)

Ajá ń gbó lóru, o wá di ẹnu ajá. Olè ńkọ́?

Onípákó_Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti dé.

Pírísì mi kò ní ọ̀pá kankan. Ihò méjì péré ni, ti ayé bàbá bàbá mi. Mo ti wọ bàtà báyìí.

Òbìrípo 50 mm: lójú X ó jẹ́ 50.0, lójú Y ó jẹ́ 49.3. Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Ṣáájú kí n tó kọ̀wé síbí, mo ti dá ọgbọ́n kan: mo yí $101 (iye ìtẹ̀sẹ̀ mọ́tò Y fún mm kan) láti 800 sí 812, 50 sì bọ́ sójú ìwọ̀n. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tí mo gé ohun tó jẹ́ 120 tó di 121.1. Mo yí i padà sí 800. Kò yé mi rárá.

Mo tì í pẹ̀lú ìka méjì bí Bàbá ṣe wí. X kò mì tó bẹ́ẹ̀. Orí Z ń mì díẹ̀. Ṣùgbọ́n tábìlì Y ń lọ ó ń bọ̀, mo tilẹ̀ ń gbọ́ ìró rẹ̀: kò, kò.

Bàbá_Tíìkì (Kétu)

Ìró yẹn ni mo ń wá.

Wò ó. Mọ́tò rẹ ń tẹ ìgbà 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, pátákó iná rẹ tó ń darí mọ́tò pín ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 16, ọ̀pá síkúrù rẹ sì ń gbé tábìlì lọ ní 4 mm tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. 200 lọ́nà 16, pín in sí 4, ó jẹ́ 800. Iye yẹn kò ní ọ̀ràn. Tó bá jẹ́ òun ló ṣì, àṣìṣe á máa dàgbà bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn. Ṣùgbọ́n 0.7 ni o pàdánù nínú 50. Sì wo 120 tìrẹ: pẹ̀lú 812, ó yẹ kó jẹ́ 121.8, ó wá jẹ́ 121.1. 0.7 kan náà ni! Ohun tó bá ń mú iye kan náà lọ́wọ́ ẹlẹ́rù kékeré àti ẹlẹ́rù ńlá, oníbodè ni. Gbogbo ìgbà tí tábìlì bá ṣẹ́rí padà ni mọ́tò ń kọ́kọ́ rin 0.7 mm lófo kí tábìlì tó mọ̀ pé wọ́n pe òun. Ohun tó ń sọ òbìrípo di ẹyin nìyẹn. O lè yí $101 títí di ọdún tó ń bọ̀, oníbodè kò ní kúrò.

0.7 pọ̀ jù fún nọ́ọ̀tì tó jẹ nìkan. Lọ wo ohun tó so ọ̀pá Y mọ́ mọ́tò. Síkúrù kéékèèké wà lára rẹ̀, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ igun mẹ́fà dè. Mo fẹ́ mọ ohun tí o bá bá níbẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀fẹ̀ (Kétu)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ béèrè ohun kan tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé irú ẹ̀rọ yìí lè gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Àwọn àlejò máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Bàbá_Tíìkì (Kétu)

Ọmọ ìlú mi, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rọ olójú mẹ́ta ń wo nǹkan látòkè bí àṣá, kò rí abẹ́ àgbọ̀n, kò rí ẹ̀yìn etí. Z tirẹ̀ náà kò ju 45 mm lọ, bẹ́ẹ̀ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni èèyàn ń gbé ka orí. O lè gé àwòrán rẹ̀ sára pátákó fún àlejò láti gbé kọ́ ògiri, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ gbé jáde lálẹ́ ẹ̀fẹ̀, jọ̀wọ́, gba ilé agbẹ́gilére lọ.

Tíṣà_Bíìtì (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìrókò, torí gbogbo yín ń bá ẹ̀rọ wí, ẹnikẹ́ni kò bá igi wí.

Ìrókò máa ń ní òkúta nínú. Kì í ṣe àfiwé o, òkúta gidi ni, funfun, bí ẹfun tó dì, nínú ihò tí ojú kò rí. Bíìtì 3.175 mm tó bá pàdé rẹ̀ á kán tàbí kó kú lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà ra bíìtì ju ẹyọ kan lọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ pátákó méjìlá. Ìyẹ̀fun rẹ̀ náà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ó ń mú ara yún, ó ń mú èèyàn wúkọ́ bíi onífée. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, sì ti ka ìyẹ̀fun igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ìbòmú FFP2 ni kí o wọ̀, kì í ṣe aṣọ tí a so mọ́ imú.

Ní ti pé ó ń ké: o ní kó wọ 3 mm lẹ́ẹ̀kan! 3018 kọ́ ló ń ké o, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. 0.5 mm ni kó máa wọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí mọ́tò 775 rẹ bá ń yí 8,000 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó wà nínú igi, tí bíìtì rẹ ní ẹnu méjì, tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ń bù 0.03 mm, 8,000 × 2 × 0.03 jẹ́ 480 mm ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Má sì rò pé kó lọ jẹ́jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa. Bíìtì tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù kò gé igi mọ́, ó ń nu igi ni, ibi tó bá sì nù á jó dúdú.

Tí o bá fẹ́ ná owó sára ìdúró rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àwọn ọ̀pá roboto 10 mm yẹn ni kí o kọjú sí. Líle ọ̀pá ń lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ìnípọn rẹ̀: ọ̀pá 16 mm le ju ti 10 mm lọ ní ìgbà mẹ́fà ó lé, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́fà.

Bàbá_Tíìkì (Kétu)

Tíṣà, ẹ̀yin èèyàn oníṣirò! "Ìlọ́po mẹ́rin" tí o wí yẹn á ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Sọ pé a ó kọ ìnípọn náà lẹ́ẹ̀mẹrin, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ lára ara rẹ̀: 1.6 × 1.6 × 1.6 × 1.6.

Tíṣà_Bíìtì (Àjàṣẹ́)

Mo dọ̀bálẹ̀, sà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ìyá_Wáyà (Sábẹ̀)

Mo ti wá láti parí tèmi. Onípákó, wá oníná tó mọ iṣẹ́. Kó gbá ọ̀pá bàbà 1.5 m mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kó fa wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò dé ibi iṣẹ́ rẹ, kó sì fi disjoncteur différentiel 30 mA síwájú pírísì yẹn, èyí tó ń já iná nígbà tí iná bá fẹ́ sá gba ara èèyàn lọ sílẹ̀. Má dá a ṣe fúnra rẹ. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ní oríire, ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà tutù. Àwa tá a wà lórí àpáta ní Sábẹ̀ níbí, a gbá ọ̀pá tiwa lọ́dún kìíní, ó ta padà bí ìgbà tí a gbá a mọ́ irin.

ALARM:1 rẹ, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti títa yẹn. Mọ́tò 775 ní búrọ́ọ̀ṣì tó ń ta iná pàràpàrà nínú rẹ̀, wáyà súìṣì òpin rẹ tó gùn sì dà bí eriali rédíò, ó ń gbọ́ ọ. Ó dájú pé o dì wọ́n pọ̀ mọ́ra kí wọ́n lè mọ́ lójú, àbí? Tú wọn. Jẹ́ kí wáyà mọ́tò gba ọ̀nà tirẹ̀. Lo wáyà tó ní ìbora irin fún súìṣì, kí o so ìbora náà mọ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pátákó iná nìkan, má so ó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Fi kàpásítọ̀ 0.1 µF sáàárín ẹsẹ̀ súìṣì kọ̀ọ̀kan àti GND (òdo iná) létí pátákó iná. Bí súìṣì rẹ bá ní ẹsẹ̀ NC (èyí tí iná ń gbà kọjá títí ohun kan fi kan súìṣì), òun ni kí o lò, kí o sì yí $5 kó lè bá a mu. Nígbà náà, wáyà tó bá já á fi ara rẹ̀ hàn dípò kó dákẹ́.

Onípákó_Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Ẹ jókòó kí n ròyìn.

Ohun tó so ọ̀pá Y mọ́ mọ́tò: síkúrù kan ti tú, èkejì kò sí níbẹ̀ rárá! Ihò rẹ̀ ṣófo. Mo rò pé láti ọwọ́ ẹni tó lò ó ṣáájú mi ni. Mo ra síkúrù M4 kékeré méjì ní Ouando, mo dè é, mo fi oje kékeré tó ń mú síkúrù dúró sí i. Mo tún pààrọ̀ nọ́ọ̀tì Y sí onísípíríìngì. Òbìrípo 50 mm: X 50.0, Y 49.95. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó ní òbìrípo ni, kí ni mo ń pariwo fún?

Oníná wá. Ọ̀pá bàbà wọlẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ. Kò ta mí mọ́, mo bọ́ bàtà mo tún fọwọ́ kàn án (Ìyá, ẹ má bá mi wí). ALARM:1 kò tíì yọjú láti ìgbà tí mo ti tú àwọn wáyà yẹn tí mo sì fi kàpásítọ̀ sí i.

Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó oníná, 48,500 sẹ́fà. Mo tún ra bíìtì mẹ́fà. Tíṣà, ẹ ò purọ́: èyí àkọ́kọ́ bá òkúta pàdé ní pátákó kìíní, ó kán.

Ìbéèrè mi báyìí: pátákó tántí jẹ́ 400 mm sí 250 mm. 250 wọ X mi. 400 kò wọ Y. Ṣé 6040 Kíákíá náà ni kí n padà sí?

Kíákíá229 (Àjàṣẹ́)

Mo ti wí i.

Bàbá_Tíìkì (Kétu)

Kíákíá, sinmi. Lórí 3018, tábìlì ló ń rìn, ẹnu ọ̀nà tó gbé orí dúró kì í rìn. Nítorí náà pákó gígùn lè yọ síta níwájú àti lẹ́yìn, kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Gé e ní ìpín mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 150 mm lọ. Má fi ojú sún pákó o! Jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lu ihò sí etí pákó tí o máa gé dànù, ihò kan ní gbogbo 150 mm, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sì lu irú rẹ̀ méjì sára pákó abẹ́ tó wà lórí tábìlì. Fi èèkàn igi 6 mm sí i. Tí ìpín kan bá parí, gbé pákó kúrò lórí èèkàn, sún un, jẹ́ kí ihò tó tẹ̀lé e wọ èèkàn. Má ya ìpín níbi tí òdòdó wà, yà á níbi tí igi ewé ti tín-ín-rín, ojú kò ní rí i.

Ní ti sípíńdù, bí o bá parí iṣẹ́ yìí tí owó ṣì kù, fi irin alumíníọ́ọ̀mù pààrọ̀ ike orí Z ná. Lẹ́yìn náà, rọ́tà ọwọ́ kékeré, irú 710 W tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gé etí pákó, á tó ọ.

Ìyá_Wáyà (Sábẹ̀)

Kí iná tó lọ mọ́ ọ lórí ní pátákó kẹfà: fi $22 sí 1 kí ẹ̀rọ lè máa wá ilé rẹ̀ (igun tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n) lọ pẹ̀lú $H. Òdo iṣẹ́ rẹ (ibi tí X0 Y0 wà lórí pákó), fi G10 L20 P1 kọ ọ́ sínú G54, kì í ṣe G92. Inú ìrántí pátákó iná ni G54 ń gbé, iná lè lọ kó bọ̀, á ṣì wà níbẹ̀. G92 máa ń bá iná lọ ni.

Onípákó_Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Mo ti ṣe méjèèjì. Pátákó kẹrin ni mo wà báyìí. Tántí wá lánàá, ó fi ọwọ́ pa ibi tí ìpín kìíní àti ìkejì ti pàdé, kò mọ̀.

Onípákó_Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ìlà 2,140 nínú àṣẹ gígé ló dé. Bíìtì wà nínú igi, mo ti fọwọ́ yí Z sókè. Kọ̀ǹpútà ṣì ní bátìrì. Ìyá Wáyà, ẹ bá mi gbàdúrà sí G54 yẹn.

Ìyá_Wáyà (Sábẹ̀)

Má fọwọ́ kan X àti Y. Tí iná bá dé, $H ná, lẹ́yìn náà gbé Z ga, lọ sí X0 Y0, kí o wo bóyá ó dé orí àmì rẹ kí o tó tan mọ́tò. Padà sẹ́yìn díẹ̀ sí ìlà tó ti ń gbé Z sókè, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Onípákó_Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Iná dé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. $H. X0 Y0. Ó dúró lórí àmì, kò yẹ̀ rárá. Mo ti tan mọ́tò, ó ń gé ewé tó kù.